Ẹ̀yìn ni Ìyá Sìkírà Fi Ń Ṣọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá jókòó, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ìsọlọ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ìyàwó. Ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbígbẹ̀yìn mi ń fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ní òun ti kan kámẹ́rà mọ́ ògiri ilé, pé láti ọ́fíìsì lòun ti ń wo ọmọ òun, tòun ti ọmọbìnrin tó ń bá òun tọ́jú rẹ̀, títí kan ajá. Mo wò ó, mo ní ó dáa, Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sìkírà.

Ta ni Ìyá Sìkírà? Ẹ má kánjú, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé sí Nàìjíríà ni mò ń sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà tó, ẹ ò ní gbàgbé. Wọ́n fi kún owó oṣù, gbogbo yàrá ló ní rédíò tiẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí wọn ò mọ̀ ọ́n fi rìn. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, fákítírì ń hù bí olú. Èmi wá láti Ìlá Ọ̀ràngún, ọkọ mi wá láti Ìkéré-Èkìtì, fákítírì aṣọ kan náà la ti pàdé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo aṣọ tó bá ti orí ẹ̀rọ jáde bóyá ó lábùkù. Òun jẹ́ sùpáfáísọ̀ níbi tí wọ́n ti ń hun ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bàbá Mojí kì í ṣèèyàn burúkú rárá. Ó fẹ́ràn mi, ó fẹ́ràn ọmọ wa, kì í mutí, kì í bú èèyàn. Àmọ́ kò gbà pé nǹkan kan láyé yìí lè lọ bó ṣe yẹ tí ojú òun ò bá sí níbẹ̀. Tó bá gbé omi kaná, á dúró tì í títí á fi hó, bí ẹni pé omi náà lè yí ọkàn padà. Níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ ló máa ń dúró sí, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á máa wo ọwọ́ wọn. Àwọn ọmọ ẹ̀ka rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. "Mo-wà-lẹ́yìn-ẹ" ni wọ́n ń pè é, tí kò bá sí nítòsí. Ṣé mo lè sọ fún un? Mo dákẹ́ ni o.

Ìyá mi ló ń bá wa tọ́jú Mojí, ọmọ wa kan ṣoṣo nígbà yẹn. Nígbà tí ọmọ náà kọjá ọdún méjì díẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìlá, ìyá mi sì ní láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa mú Mojí dání tí àwa méjèèjì bá lọ síbi iṣẹ́?

Bàbá Mojí ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ohun tí òun ń gbà tó wa jẹ, kò sídìí tí ọmọ òun á fi wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mi ò fẹ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá rí. Mo fẹ́ràn kí n wọ yunifọ́ọ̀mù mi láàárọ̀, kí èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi gba ọ̀nà Aswani kọjá, ká máa bú ara wa, ká máa rẹ́rìn-ín títí dé gẹ́ètì. Mo fẹ́ràn kí n na ọwọ́ sí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó ṣì gbóná. Tí mo bá fi í sílẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́, inú mi ò sì ní dùn sí ọkọ mi títí ayé. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sìkírà.

Ìyá Sìkírà ń gbé ní ilé kejì sí tiwa, ilé fèésì-mí-àì-fèésì-yú kan. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ́kọ ti láya. Òun ló ń bá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àdúgbò mú ọmọ dání lọ́sàn-án, á sì máa bó ẹ̀gúsí fún àwọn tó ń tà á lọ́jà. Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni o. Ẹnu rẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá mú ọmọ yín, á bi yín bóyá ẹ ti gbàgbé pé ẹ bímọ. Tí wọ́n bá sì yìn ín, á ní, "Ẹ tún un sọ, kí àwọn ará iwájú gbọ́."

Ilé náà ní ẹ̀yìnkùlé kan tí wọ́n fi ògiri kúkúrú yí ká. Lánlọ́ọ̀dù ti kó iyanrìn jọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ torí ó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àmọ́ símẹ́ńtì ò sí lọ́jà, ni iyanrìn bá di ti àwọn ọmọdé. Kò sí ẹnu ọ̀nà míì níbẹ̀ ju èyí tó wọ inú pásééjì lọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni Ìyá Sìkírà máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí, á kọjú sí pásééjì, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, á sì máa bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ẹ rò ó wò! Ọkọ mi, Mo-wà-lẹ́yìn-ẹ, ló rí obìnrin tó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ.

Ó bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé báwo ló ṣe máa rí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Sìkírà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Mojí, ta ló máa gbé ọmọ gba ibí kọjá tí kò ní tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló mú ṣaworo kékeré kan jáde, ó so ó mọ́ Mojí lọ́rùn ẹsẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ní tiẹ̀. Ọkọ mi fajú ro. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe àbíkú, pé ilé ìjọsìn làwa ń lọ. Ìyá Sìkírà ní òun náà mọ̀ pé kì í ṣe àbíkú, pé etí òun lòun so ó fún. Ó ní tí àwọn ọmọ bá ń pariwo, tí ṣaworo ń dún, ọkàn òun balẹ̀. Ó ní ìdákẹ́ lòun máa ń ṣọ́.

Èmi gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mojí fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́ jù mí lọ. Láàárín oṣù díẹ̀ ọmọ mi tó máa ń di mọ́ mi ní ìró ti ń gun iyanrìn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, ó sì ń bá wọn parí ìjà. Tó bá ṣubú, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn Ìyá Sìkírà. Tí ẹ̀yìn yẹn ò bá mira, á gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, á máa bá eré lọ. Tí ẹkún bá ti yàtọ̀ sí ẹkún eré, kẹ́ ẹ tó mọ̀, obìnrin náà ti dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò rí èyí. Àpótí àti ẹ̀gúsí nìkan ló rí. Lójoojúmọ́ ló máa ń bi ọmọ pé kí ni Màmá ń ṣe lónìí, Mojí á sì dáhùn pé Màmá ń bó ẹ̀gúsí. Ìdáhùn yẹn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Àfi bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé gbọ́mọgbọ́mọ wọ Òṣòdì. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń fò. Ọkọ mi ò lè sùn mọ́. Ó wá sọ ọ́ jáde: òun máa dán obìnrin yẹn wò. Tó bá yege, òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́. Tó bá kùnà, kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní kò burú. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mi ò mọ irú ìdánwò tó ní lọ́kàn, mo rò pé ó kàn máa lọ dúró síbì kan láti wò ó ni.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ṣífìtì àárọ̀ ni mo ṣe. Òjò wínníwínní ń rọ̀ nígbà tá a ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí mo ṣe yà sí àdúgbò wa, obìnrin kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà sọ fún mi pé kí n yára, pé wọ́n mú gbọ́mọgbọ́mọ nílé Ìyá Sìkírà, ọmọ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sáré. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Bàtà mi kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì ò sí. Pásééjì ti kún fọ́fọ́, mò ń ti èèyàn, mò ń pe orúkọ ọmọ mi, wọ́n sì ń yà fún mi. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí yẹn, mo rò pé wọ́n ń ṣàánú mi ni.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ọkùnrin kan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú iyanrìn tútù. Ó wọ kóòtù òjò, fìlà ti wọ́ bò ó lójú, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀ torí ẹnìkan tó ń fọṣọ ti da korobá omi lé e. Obìnrin kan di ọrùn kóòtù rẹ̀ mú. Òmíràn gbé orógùn dání, ó ń mí hẹlẹ. Mojí ọmọ mi sì jókòó lórí itan ọkùnrin náà, ó ń fi ìfófòó ọṣẹ ṣeré, ó ń pè é ní Dádì.

Mo ṣí fìlà yẹn kúrò. Bàbá Mojí ni!

Mo gbá ọmọ mi mọ́ra, mo wò ó látorí dé ẹsẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó sílẹ̀ tí mo sunkún. Lẹ́yìn ẹkún, ẹ̀rín gbà mí, mi ò sì lè dá a dúró. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi ò mọ ibi tó máa wò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bí òun àti Ìyá Sìkírà ṣe sọ ọ́. Ọkọ mi tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, ó yá kóòtù òjò ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ gẹ́ètì, ó wá dúró sẹ́yìn ògiri ilé náà. Ó fẹ́ gbé ọmọ tiẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kó tún wá gba iwájú wọlé, kó bi Ìyá Sìkírà pé Mojí dà. Ó ti ro gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ pé ajá wà níbẹ̀, ajá lánlọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ Oṣù-ti-parí. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ ajá nìyẹn! Lánlọ́ọ̀dù fi sọ ọ́ kó lè máa pè é kíkankíkan tí oṣù bá ti ń lọ sópin, kí àwọn ayálégbé lè gbọ́. Ajá yìí máa ń gbó gbogbo ohun tó bá ń lọ, títí kan òjìji, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti mú pọ̀ńmọ́ lọ́wọ́ fún un.

Ó tún rántí ṣaworo. Ìyẹn ló jẹ́ kó dúró de bàálù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbé Ìsọlọ̀ tàbí Àjàó mọ̀ bí bàálù ṣe máa ń fò kọjá lórí wa nígbà tó bá ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Tó bá ń kọjá, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹnu ara yín ń sọ. Ọkọ mi rò pé tí bàálù bá ń ké, ṣaworo dún kò dún, bákan náà ni. Bí ó ṣe gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ju pọ̀ńmọ́ sí ajá, ó fo ògiri, ó gbé Mojí, ó yí padà.

Ojú rẹ̀ àti ojú Ìyá Sìkírà ṣe mẹ́rin.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí bàálù bá ń kọjá ni obìnrin yẹn máa ń gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, tí á dìde, tí á kọjú sí àwọn ọmọ títí ariwo á fi lọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wa níbẹ̀. Ó ní tí bàálù bá ti dé, etí òun ò wúlò mọ́, ojú ló kù. Ó ní lọ́jọ́ yẹn òun ti ń dìde tẹ́lẹ̀ kí bàálù tó dé orí wa, torí Oṣù-ti-parí dákẹ́, ajá tó ń gbó òjìji kì í sì dákẹ́ àyàfi tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ó figbe ta, ilé sì dà jáde. Omi ọṣẹ ló kọ́kọ́ dé. Orógùn bà á léjìká. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ tún gbá a ni Mojí ti pe Dádì, Ìyá Sìkírà sì na ọwọ́ rẹ̀ mú orógùn náà lókè. Ó ní kí wọ́n dúró, pé ọmọ náà ń pè é.

Ṣé ẹ rí obìnrin yìí? Nínú ariwo yẹn, tí inú ń bí gbogbo èèyàn, tí ẹ̀rù ń ba òun náà, ó ṣì gbọ́ ohun tí ọmọ ọdún méjì ń sọ. Títí dòní ni mo fi ń yìn ín.

Bí mo ṣe nu ojú mi tán, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Mo ti rò ó pé ọ̀rọ̀ parí. Mo bi ọkọ mi lójú gbogbo èèyàn pé ṣé Ìyá Sìkírà yege àbí kò yege. Ó dorí kodò, ó ní ó yege. Iṣẹ́ mi ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, àbí?

Ibẹ̀ ni Ìyá Sìkírà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú ṣaworo kúrò lẹ́sẹ̀ Mojí, ó sì kó báàgì ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.

Ó ní kí n máa gbé ọmọ mi lọ. Kò bú mi, kò pariwo. Ó yíjú sí ọkọ mi, ẹni tó máa ń kí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní, "Tí orógùn yẹn bá bà ọ́ lórí, tó o kú síbí ńkọ́? Èmi ni wọn ì bá sọ pé mo pa bàbá ọmọ lójú ọmọ. O ò ro tèmi." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, torí òótọ́ ni. Ìdánwò tí wọ́n ní kó ṣe, ó yege, òun náà sì ni kò fẹ́ wa mọ́.

Ọ̀gá mi fún mi láyè ọjọ́ díẹ̀ péré. Mo wá ẹlòmíì káàkiri, mo dé Èjìgbò pàápàá, kò sí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò dí. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa kọ̀wé náà. Ẹ wá wo ohun tí ọkọ mi ṣe o, ohun tó jẹ́ kí n tún fẹ́ràn rẹ̀ sí i nìyí. Kò sọ pé "mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀." Kò sọ pé ó kúkú dáa kí n jókòó sílé. Ó ní òun lòun bà á jẹ́, òun lòun máa tún un ṣe. Ó lọ bẹ lánlọ́ọ̀dù pé kó sin òun lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sìkírà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, lójú àwọn tó da omi ọṣẹ lé e lórí. Oṣù-ti-parí wá ń gbóòórùn àpò rẹ̀ bóyá pọ̀ńmọ́ tún wà níbẹ̀.

Ìyá Sìkírà jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbọ́. Ó ní òun ní ìkómọ kan lọ́jọ́ Sátidé ní Èjìgbò, kí Bàbá Mojí wá bá òun ṣọ́ àwọn ọmọ títí òun á fi dé. Tó bá ti ṣe ìyẹn, òun máa mọ èsì tí òun máa fún un. Ó sì kìlọ̀ pé kí èmi má ṣe bá a dá sí i. Lánlọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Sátidé pé. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tiwa, níbi tí mo ti lè máa yọjú wò wọ́n. Ọkọ mi dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gun iyanrìn yẹn. Ìwọ, má sáré. Kí lo fi sẹ́nu? Tu ú dànù. Ẹ má fọwọ́ kan ajá. Ó so ajá mọ́ igi. Tí ọmọ kan bá dìde, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ọmọ yẹn bá bojú wẹ̀yìn tó rí i, á jókòó padà. Àwọn kan kọ́kọ́ sunkún. Ó fún wọn ní bisikíìtì, ó tẹ́ ẹní lẹ́bàá ògiri, ó tò wọ́n síbẹ̀.

Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, gbogbo wọn ti jókòó létòlétò. Kò sẹ́ni tó fara pa, kò sẹ́ni tó dọ̀tí. Ọkọ mi bojú wò mí lórí ògiri, ó ń làágùn, inú rẹ̀ dùn, ó ní ṣé mo rí i pé ó ṣeé ṣe. Mo ní mo rí i. Ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, torí mi ò mọ ohun tí Ìyá Sìkírà máa sọ, ọjọ́ Mọ́ńdè ni ààyè tí wọ́n fún mi sì máa parí.

Kò pẹ́ tí Ìyá Sìkírà fi dé. Ó yá ju bá a ṣe rò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ọmọ lórí ẹní. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan Mojí níwájú orí. Ó kan èkejì lọ́rùn. Ó ní kí ọmọkùnrin kan yọ ahọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo ọkọ mi.

Ó ní, "Bàbá Mojí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èwo nínú wọn ló ń ṣàìsàn?"

Ọkọ mi ní kò sí o, ara gbogbo wọn le.

"Ara wọn le, wọ́n wá jókòó báyìí?"

Ọkọ mi yíjú sí orí ẹní. Ó wo àwọn ọmọ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn. Mojí ń wò ó, ó ń fà lára ẹní, kò dìde.

Ìyá Sìkírà pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ. Wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ọkọ mi ná, gbogbo wọn pátá. Nígbà tó mi orí ni wọ́n tó sáré lọ sórí iyanrìn, ariwo sì ta. Ìyá Sìkírà tú ajá sílẹ̀. Ó wá tú etí ìró rẹ̀, ó mú ṣaworo Mojí jáde níbẹ̀, ó pè é, ó so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n má pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: kò dé Èjìgbò kankan. Lánlọ́ọ̀dù ló sọ fún wa lẹ́yìn náà. Pásééjì ilé tó tẹ̀ lé e ló gbé ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, ó ń bó o, ó sì ń gbọ́. Ṣé ẹ rò pé irú obìnrin yẹn lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì dán wò? Ìdákẹ́ wọn ló lé e wálé.

Mo padà síbi iṣẹ́ mi, mo sì ṣe é títí mo fi di ọ̀gá ní ẹ̀ka tiwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí parí sí lọ́kàn mi. Nígbà tá a ń lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Mojí wà léjìká bàbá rẹ̀, ṣaworo ń dún. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà wa, ọkọ mi ní, "Ìyá Mojí, tí mo bá wọ ẹ̀ka wa níbi iṣẹ́, gbogbo wọn máa ń dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi ni."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ wọlé.

Èmi ò sọ pé ká má ṣọ́ ọmọ, tàbí ẹran ọ̀sìn, tàbí ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Ìyá Sìkírà ṣọ́ wọn ju gbogbo wa lọ. Àmọ́ ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tá a bá ṣọ́ dáadáa máa ń gbàgbé pé à ń ṣọ́ òun, á sì máa ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Tó bá jẹ́ pé bá a ṣe ń dé ni gbogbo wọn ń dákẹ́, ó yẹ ká bi ara wa léèrè.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bá yín mú ọmọ dání nígbà tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́? Ọ̀gá wo ló dúró sẹ́yìn yín rí, èwo ló sì fi yín lọ́kàn balẹ̀? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mò ń kà á. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni náà ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.